Wọ́n kọ PICA sí àbájáde àyẹ̀wò màmá mi: ẹ bá mi ṣàlàyé

ỌmọAláṣọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá.

Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀, àmọ́ bí ara bá ti yá wọn báyìí, wọ́n á pa á tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe dìde lórí ibùsùn ni òòyì gbé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bí wọ́n bá ní kí àwọn rìn, apá òsì ni wọ́n ń yà sí, wọn ò lè dúró láìdi nǹkan mú.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní kí wọ́n di ọwọ́ mú, wọ́n dì í mú gírígírí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n gbé e. Wọ́n sọ fún wa pé bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni, ọwọ́ kan á ti kú, pé ibà ni, ó sì lè jẹ́ etí. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ilé la wà tí ohùn wọn fi há. Omi tí wọ́n mu ń gba imú jáde. Òsúkè mú wọn, kò lọ, tọ̀sán tòru. Ìpéǹpéjú òsì wálẹ̀. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àwọn ti kú, àwọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Àmọ́ nígbà tí mo gbé omi ìwẹ̀ wá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n kì bọ omi gbígbóná tí wọn ò fà á yọ. Òsì lójú, ọ̀tún lára! Àwọn ará ilé ní kì í ṣe ojú lásán.

Ilé ìwòsàn kejì ló ṣe MRI, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ. Wọ́n kọ ọ́ pé ibi tí iṣan PICA òsì ń fún ní ẹ̀jẹ̀ nínú cerebellum ti kú, pé ó kan ẹ̀gbẹ́ medulla, àti pé iṣan vertebral òsì ti dí. Dókítà náà ṣèèyàn, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Kí ni PICA yìí? Kí ló dé tí ojú òsì àti ara ọ̀tún fi jọ kú pa pọ̀? Báwo ni ọwọ́ ṣe lágbára tí a tún ń pè é ní rọpárọsẹ̀? Àti pé iṣan méjì ni wọ́n dárúkọ, èwo ló dí gan-an?

ÌyáAnátómì:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Màmá á gbádùn. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn. Yàrá tí a ti ń la òkú kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn ni iṣẹ́ mi wà, nínú gbogbo ohun tí a sì ń là níbẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ cerebellum (ọpọlọ kékeré) yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ náà ni mo máa sọ fún ọ: orúkọ iṣan á sọ ibi tó ń lọ fún ọ, ṣùgbọ́n ibi tó gbà kọjá ni aláìsàn á fi han ọ́. Ẹni tó bá há orúkọ sórí láìtọ ọ̀nà kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìsàlẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lókè àyà, lẹ́bàá èjìká, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá máa ń yọ ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ vertebral, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Egungun ọrùn wa jẹ́ 7, ihò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn. Vertebral máa ń wọ ihò egungun kẹfà, á la gbogbo wọn kọjá sókè títí dé àkọ́kọ́, bí okùn ṣe ń la ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó bá yọ lórí egungun àkọ́kọ́, á ṣẹ́rí sẹ́yìn, á yí egungun náà ká, kó tó gba ihò ńlá ìsàlẹ̀ agbárí wọlé. Mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tọ ibi tó ti ṣẹ́rí yẹn, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí ògiri iṣan náà ti lè ya nínú bí wọ́n bá fi agbára yí ọrùn èèyàn lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí onígbàjámọ̀ bá yín fa ọrùn kó dún, ẹ gbọ́ o.

Nínú agbárí, vertebral méjèèjì á máa gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ medulla, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó so mọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbi tí medulla parí sí tí pons, apá ọpọlọ tó wà lókè rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan tó ń jẹ́ basilar. Basilar á gun iwájú pons dókè, á tún pín sí méjì fún ẹ̀yìn ọpọlọ ńlá. Lójú ọ̀nà yìí ni cerebellum ti ń gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Iṣan mẹ́ta ló ń bọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. PICA (posterior inferior cerebellar artery, iṣan ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ cerebellum) ló kọ́kọ́ yọ, lára vertebral, kí àwọn méjì tó pàdé. AICA (anterior inferior cerebellar artery, iṣan iwájú ìsàlẹ̀) yọ nísàlẹ̀ basilar. SCA (superior cerebellar artery, iṣan òkè) yọ lókè, nígbà tó kù díẹ̀ kí basilar pín. PICA bọ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn cerebellum, AICA bọ́ iwájú rẹ̀ tó kọjú sí egungun etí, SCA bọ́ òkè pátápátá àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ibùdó tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀.

Cerebellum fúnra rẹ̀ wà nínú ìpàkọ́. Kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Brazil, tí Suzana Herculano-Houzel wà lára wọn, ka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èèyàn, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009, nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 nínú bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìṣísẹ̀ gún. Ẹ̀gbẹ́ tó bá sì wà ló ń ṣiṣẹ́ fún: cerebellum òsì fún ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Ìdí nìyẹn tí màmá fi ń yà sí òsì.

Wàyí o, PICA. Kò sí èyí tó ń lọ́ tó o nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á yí ẹ̀gbẹ́ medulla ká, á sún láàárín gbòǹgbò àwọn nerve (okùn tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) tó ń jẹ́ ká gbé oúnjẹ mì, ká sì fọhùn, á ṣe kọ́lọkọ̀lọ wálẹ̀ àti sókè, kó tó tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ cerebellum. Òun àti vertebral tó bí i ni wọ́n jọ ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ medulla yẹn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ibẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀wà mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n wo ohun tó kó síbẹ̀. Ibùdó tó ń darí ọ̀nà ọ̀fun àti ohùn wà níbẹ̀: òun ló ṣe tí ohùn fi há tí omi sì ń gba imú jáde. Okùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti gbé ìpéǹpéjú dúró kọjá níbẹ̀: ojú òsì wálẹ̀, bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ẹyinjú dúdú òsì á kéré sí ti ọ̀tún. Ibùdó òòyì wà níbẹ̀. Òsúkè náà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ní ti ojú òsì, ara ọ̀tún: ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé kò sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Ìmọ̀lára ìrora, gbígbóná àti títutù láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ti máa ń sọdá sí òdìkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kó tó gòkè. Tó bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ òsì medulla, ti ara ọ̀tún ló gbé. Ti ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Nerve tó ń gbé ìmọ̀lára ojú (nerve karùn-ún) máa ń wọ pons, á sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lápá ibi tó ti wọlé, á gba medulla lọ sí ìsàlẹ̀, kó tó sọdá. Nínú ẹ̀gbẹ́ òsì medulla kan náà, ti ojú òsì àti ti ara ọ̀tún wà nítòsí ara wọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì bá a lọ.

Ọwọ́ lágbára nítorí pé okùn tó ń gbé agbára wálẹ̀ láti ọpọlọ ńlá gba iwájú medulla, lẹ́bàá àárín. Iṣan mìíràn ló ń bọ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí mú un dání: rọpárọsẹ̀ wà tí kì í pa ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ó dùn mí pé wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lónìí: ẹ má jẹ́ kí màmá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọ̀tún dán omi wò, kí wọ́n má sì fi mú ìkòkò lórí iná. Bí ẹ bá di ọwọ́ náà mú, wọ́n lè mọ̀, nítorí pé ìfọwọ́kàn jẹ́jẹ́ gba ọ̀nà mìíràn láàárín medulla. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Iná á jó o, wọn ò ní mọ̀.

Èwo ló dí? Lọ́dún 1895, Adolf Wallenberg, dókítà kan ní Danzig, kọ nípa aláìsàn kan tí gbogbo rẹ̀ jọ ti màmá rẹ. Ó fi àìsàn ọkùnrin náà ṣírò iṣan tó dí, ó ní PICA ni. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n la òkú rẹ̀, Wallenberg sì kọ ọ́ lọ́dún 1901 pé bí òun ṣe ṣírò rẹ̀ náà ló rí. Títí dòní, mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa, nítorí kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ nígbà yẹn; ojú, etí, abẹ́rẹ́ àti ìmọ̀ ọ̀nà iṣan ni. Àmọ́ lọ́dún 1961, dókítà ọpọlọ kan, C. Miller Fisher, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú òkú bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, vertebral fúnra rẹ̀ ló ń dí, tí PICA fi ń pàdánù ẹ̀jẹ̀. Bí ti màmá ṣe rí nìyẹn. Vertebral dí, PICA tó yọ lára rẹ̀ kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Ìròyìn méjèèjì tí wọ́n kọ bára mu.

DókítàAlẹ́:

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa kún un, àwa tí a ń gba aláìsàn ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, mo ti rí irú rẹ̀. Òòyì pọ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń ti etí wá. Ẹ̀rọ CT tó wà káàkiri kì í rí ìpàkọ́ dáadáa, nítorí egungun ibẹ̀ nípọn, ó máa ń ba àwòrán jẹ́. MRI gan-an lè kọjá lára rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní kejì. Nítorí náà, ojú aláìsàn ni a máa ń wò. A ó ní kó tẹ ojú mọ́ imú wa, a ó yí orí rẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú bá sáré tẹ̀lé orí, tó wá tún padà sórí imú wa, etí la máa fura sí. Bí ojú bá dúró digbí lórí imú wa, tí òòyì náà kò sì dáwọ́ dúró, ọpọlọ ni ká fura sí. Ohun tó dà bí ẹni pé ara dá ló burú. A ó tún wò ó bóyá ojú ń gbọ̀n sí ọ̀tún nígbà tó bá wo ọ̀tún tó sì ń gbọ̀n sí òsì nígbà tó bá wo òsì, àti bóyá ojú kan ga ju èkejì lọ. Dókítà Jorge Kattah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò ojú yìí jáde lọ́dún 2009. Ẹni tí wọ́n kọ́ ló yẹ kó ṣe é o. Ẹ má yí orí ẹnikẹ́ni nílé.

Èkejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bí ibi tó kú náà ṣe tóbi tó. Ìpàkọ́ há. Bí cerebellum bá wú láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kò ní àyè tó máa wú sí. Á tẹ ọ̀nà tí omi inú ọpọlọ ń gbà jáde, omi á sì kún inú ọpọlọ lókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lè máa sùn lálẹ́ tí kò jí dáadáa. Bí màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí orí ń fọ́ wọn sí i, tàbí tí èébì padà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé wọn lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ lè ṣí egungun ìpàkọ́ kí ó lè rí àyè, iṣẹ́ abẹ yẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. N'Íbàdàn tí ẹ wà yìí, láti ọdún 1962 tí E. Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, ti dé UCH ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà níbẹ̀.

Ẹ má fún wọn lómi tàbí oúnjẹ tí ẹni tó mọ̀ nípa gbígbé mì kò bá tíì yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí àìsàn yìí fi ń pa èèyàn nílé nígbà mìíràn ni oúnjẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì mọ́ láé.

TísàTóFẹ̀yìntì:

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ń ka èyí, ọkàn mi ń sọ. Ní tèmi, ọ̀fun kò ṣe mí, ìpéǹpéjú kò wálẹ̀. Òòyì gbé mi níwájú kíláàsì, mo di pátákó mú, etí ọ̀tún mi sì di láti ìṣẹ́jú náà, kò là mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ẹnu mi yẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Gbogbo èèyàn ní etí ni mo lọ tọ́jú. Dókítà kan ló wá dárúkọ AICA fún mi nígbà tó yá. Ṣé ìyẹn náà lè di etí?

ÌyáAnátómì:

Ẹ kú ewu, Bàbá. Ó lè di í pátápátá, ìtàn yín sì jẹ́ kí n rí ọ̀nà tó gbà.

AICA tí ó yọ nísàlẹ̀ basilar máa ń gba ẹ̀gbẹ́ nerve tó ń mú ojú àti ẹnu rìn (nerve keje, kì í ṣe ti ìmọ̀lára ojú) àti nerve etí kọjá, ó sì máa ń sún mọ́ ẹnu ihò tí àwọn méjèèjì ń gbà wọnú egungun. Níbẹ̀ ló ti sábà ń yọ iṣan tín-ínrín kan tó ń bá nerve wọlé lọ sí etí inú. Etí inú kò ní ìyá mìíràn. Bí iṣan tín-ínrín yẹn bá gbẹ, etí di, òòyì dé. AICA náà ló ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ pons níbi tí ibùdó nerve keje yẹn wà, òun ló ṣe tí ẹnu yín fi yẹ̀: ọ̀tún ló rọ, òsì tó lágbára fà á lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀fun àti ohùn yín dá nítorí pé ìyẹn ti PICA ni, nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀nà. Ẹ̀yin àti màmá ọmọ yìí ní òòyì kan náà, ẹ jọ ń ta gbọ̀ngbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó kù lára yín ló ń sọ iṣan tó jẹ́.

DókítàAlẹ́:

Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni irú èyí tó lè tan àwa dókítà jẹ. Nígbà tí etí inú fúnra rẹ̀ kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ojú á sáré padà bíi ti aláìsàn etí, a ó sì ní kò sí ewu nínú ọpọlọ. Torí náà la ṣe ń fi ìka ra níbi etí méjèèjì báyìí. Etí kan tó di lójijì pẹ̀lú òòyì, a ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọdún2:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, SCA ńkọ́? Ìdánwò wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

ÌyáAnátómì:

SCA ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. PICA lè má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rárá, kí AICA gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. SCA fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà nígbà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun àti iṣan tó wà lókè rẹ̀ ló há nerve kẹta sáàárín, nerve tó ń yí ẹyinjú. Bí a bá ti rí nerve yẹn, a ti rí SCA lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń yí lọ sẹ́yìn, ó máa ń kọjá lókè nerve karùn-ún, ti ìmọ̀lára ojú. Lára àwọn kan, ó máa ń wálẹ̀ sórí nerve náà, á máa lù ú bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì máa ta èèyàn bíi kó kú bó bá fọ eyín tàbí tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Lọ́dún 1967, Peter Jannetta, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ nípa bí iṣan ṣe ń tẹ nerve yẹn, wọ́n sì ń fi nǹkan rírọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ. Bí SCA bá dí, òòyì lè má pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń lọ́ àti ọwọ́ tí kò lè tọ́ nǹkan ni wàá rí. Lọ wò ó lára òkú kí ìdánwò tó dé, àwòrán ìwé kò tó.

ỌmọAláṣọ:

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá fún màmá mi lẹ́bàá ibùsùn, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ti fi rọ́bà sí wọn nímú fún oúnjẹ, òsúkè sì ti rọlẹ̀. Dókítà ní ibi tó kú kò tóbi, àwọn ń ṣọ́ oorun wọn. Ìbéèrè kan ló kù sí mi lọ́wọ́: wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé vertebral ọ̀tún kéré. Ṣé òun náà ti ń dí lọ ni?

ÌyáAnátómì:

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Vertebral méjèèjì kì í sábà dọ́gba, ti òsì ló sì máa ń tóbi jù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti rí òkú tí ti ọ̀tún parí sí PICA pátápátá, tí kò dé ibi tí yóò ti pàdé èkejì rẹ̀. Ẹni náà lo ayé rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan màmá, nítorí èyí tó tóbi ló dí. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ọ̀tún tó kéré yẹn dé basilar, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ti iwájú ọpọlọ ńlá wá bá basilar láti òkè, gba iṣan tó so wọ́n pọ̀ ní ìdí ọpọlọ. Àyẹ̀wò àwòrán tí wọ́n ti ń fi oògùn sínú iṣan á fi hàn. Kọ ìbéèrè méjèèjì sínú ìwé kí o tó wọlé sí wọn, kí èrò tó wà níwájú wọn má baà mú ọ gbàgbé wọn.